Igi Ìyá Rẹ Tí Mo Fà Tu ní Thamesmead

Abúlé Ìdí-Ọsàn,
Lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó.
Oṣù Kẹrin, ọdún 2014.

Kabirat Àjíkẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Bashiru, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí òtútù Thamesmead pàápàá, nítorí pé ó gbà mí lálejò, kò sì gbẹ̀mí mi. Ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń lọ déédéé? Ṣé àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú ń jẹ́ kí o simi? Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀yìn dùn ọ́ níbi tí o ti ń gbé bàbá ọlọ́mọ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí ó má jẹ̀ẹ́ kí mọ́tò tí ọkọ rẹ ń wà fi orí gbá nǹkan kan. Kí ó sì rọ inú rẹ sí mi kí o tó ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀. Àmín, láṣẹ Ọlọ́run Ọba.

Àwa náà wà níbí, ara wa le. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, a sì ti gbin àgbàdo sílẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ti bí obìnrin, ariwo ọmọ náà kì í jẹ́ ká sùn, ṣùgbọ́n ariwo tí à ń tọrọ ni. Ewúrẹ́ Sàlàkọ́ ọ̀rẹ́ mi tún wọ inú ẹ̀gẹ́ mi, mo ní kí ó so ó mọ́lẹ̀, ó ní ewúrẹ́ òun kò mọ ààlà, mo ní ìwọ tí o ni ín náà kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ la ṣe wà títí ilẹ̀ fi ṣú tí a sì jọ jẹun. Ó ní kí n kí ọ.

Ohun tó mú mi jókòó kọ ìwé báyìí ni pé obìnrin tí o gbà síṣẹ́ sínú fóònù rẹ kò ṣeé rán níṣẹ́. Láti ìgbà tí o ti ń bínú ni mo ti ń pè ọ́, òun ló sì máa ń gbé e. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, kì í sọ̀rọ̀ burúkú sí mi. Mo ti kí i títí, mo ti béèrè ọkọ rẹ̀, mo ti ní kí ó bá mi bẹ̀ ọ́, kí ó sọ fún ọ pé bàbá rẹ kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ wọra, á dún pé kín-ín, á sì dákẹ́ mọ́ mi lára. Mo fẹjọ́ rẹ̀ sun Bashiru, Bashiru ní kì í ṣe ènìyàn, ẹ̀rọ ni. Mo ní kí ó má sọ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ, pé bí obìnrin bá ní sùúrù, ìyẹn ò sọ ọ́ di ẹ̀rọ.

Ìwé ní tirẹ̀ kì í dún pé kín-ín, ìdí nìyẹn tí mo fi mú kálàmù. Kabirat, láti ọjọ́ tí o ti pè mí tí o ń sunkún pé igi màmá rẹ ni mo fà tu, tí o sì gé fóònù mọ́ mi létí, n kò tíì gbọ́ ohùn rẹ. O kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi rí láti ìgbà tí mo ti bí ọ. Jẹ́ kí n ro tẹnu mi, bí mo bá rò ó tán, kí o dá ẹjọ́ náà bí o bá ti rí i.

Nígbà tí Bashiru wá gbé mi ní pápákọ̀ òfurufú ìlú òyìnbó yín ní oṣù Kejìlá, tí mọ́tò gba ojú Harrow Manorway, gbogbo igi ẹ̀bá títì ló ti gbẹ láìku ẹyọ ewé kan. Mo bi Bashiru pé ṣé iná ni àbí eṣú. Ó ní wíńtà ni. Mo rò pé wíńtà ni orúkọ àrùn tó pa wọ́n, mo sì gbàdúrà fún ìlú náà nínú mọ́tò. Kò ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ọ̀nà ló ń wò, èmi náà kò sì fẹ́ máa da ìbéèrè bo àna mi bí ọlọ́pàá. Mo kàn sọ lọ́kàn ara mi pé igi ìjọba ni wọ̀nyẹn, bí ìjọba bá fẹ́ máa tọ́jú òkú igi, kí ó máa tọ́jú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí mo ká aṣọ fèrèsé kíṣìnì rẹ, ojú tì mí fún ọ. Koríko! Koríko láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí ọgbà, ní ilé ọmọ Yẹ̀kínì! Ìwọ náà mọ̀ pé ní ìlú wa, ilé tí koríko bá yí ká, ẹni tó ni ín ti kú ni tàbí kó ti sá. Ilé tó bá ní ènìyàn, gbígbá là ń gbá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi máa dán, tí ejò á fi mọ̀ pé òun kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. O wá ń sọ fún mi pé o fi owó ra koríko náà ni, pé wọ́n ká a wá bí ẹní, wọ́n sì tẹ́ ẹ. Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé o ń bá bàbá rẹ ṣeré.

Koríko nìkan kọ́. Àwọn igi gbígbẹ wà káàkiri inú rẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ lọ́rùn, fọ́tò rẹ̀ nígbà tó wà láàyè sì wà lára káàdì náà. Mo ní kí Bashiru kà á fún mi. Ó ní ọ̀kan wá láti Japáànù, òmíràn láti Ṣáínà, òmíràn láti Gúúsù Áfíríkà. Mo ní ìlú yìí mà le o, igi pàápàá gbọ́dọ̀ ní pépà, àti pé àwọn igi wọ̀nyí ti gba tiwọn nígbà tí ọmọ tèmi ṣì ń wá tirẹ̀ kiri. Èyí tó wà níwájú fèrèsé kíṣìnì rẹ gan-an ló burú jù nínú wọn. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò ga ju àyà mi lọ, kò ní ewé, wọ́n sì fi okùn so ó mọ́ òpó bí ẹni pé ó jalè. Òun kò tilẹ̀ ní káàdì. Mo ní òkú tí kò ní orúkọ rè é tí ọmọ mi ń wò ní gbogbo ìgbà tó bá ń fọ abọ́.

Nígbà tí o ní kí Bashiru mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta igi àti òdòdó ní Nathan Way, pé kí èmi àgbẹ̀ bá yín yan ohun tí ẹ máa gbìn bí òtútù bá lọ, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ń rẹ́ yín jẹ. Ilẹ̀ ni wọ́n ń tà níbẹ̀, Àjíkẹ́! Iyẹ̀pẹ̀ lásán nínú àpò, tí àwọn ènìyàn ń fi ọmọlanke tì lọ pẹ̀lú ẹ̀rín. Wọ́n ń ta òkúta. Wọ́n ń ta ìgbẹ́ ẹṣin. Wọ́n ń ta ewé jíjẹrà tí à ń gbá dànù níbí láràárọ̀. Koríko oníke wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ewúrẹ́ Sàlàkọ́ tí kì í kọ nǹkan kan kò ní fi imú kàn. Mo rí ọkùnrin kan tó ń yan òkúta, ó gbé ọ̀kan, ó wò ó yí po, ó gbé e sílẹ̀, ó gbé òmíràn, bí ẹni tó ń fẹ́ ìyàwó. Mo fa Bashiru lápá, a jáde láìra ohunkóhun, mo ní bí mo bá délé màá fi iyẹ̀pẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.

Ọ̀rọ̀ àwọn iná kéékèèké tí ẹ rì mọ́ inú koríko, mo gbọ́ pé ìyẹn náà wà nínú ẹ̀sùn mi. Mo rí i pé gbogbo òru ni iná náà ń tàn, kò sí ẹni tó ń fi kàwé, bẹ́ẹ̀ lo ń pariwo owó iná létí mi. Mo bá fà wọ́n tu lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kó wọn sínú wọ́dúróòbù kí wọ́n lè simi. Nígbà tí mo wá mú ọ̀kan láti fi wá bàtà, kò tàn. Bashiru ní oòrùn ni wọ́n ń jẹ. Èmi kò rí oòrùn kankan ní Thamesmead ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀, nítorí náà n kò mọ irú oúnjẹ tí ọkọ rẹ ń sọ.

Ó wá ku díẹ̀ kí n máa bọ̀, ìwọ sì lọ fún ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Manchester, a ti dágbére fún ara wa. Mo jókòó, mo ń ro ohun tí mo lè fún ọ kí n tó lọ. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ ra kóòtù fún, tó ra ìbọ̀sẹ̀ fún, tó ń bu omi gbígbóná fún láràárọ̀, kí ló fẹ́ fi dúpẹ́? Mo ní màá tún ẹ̀yìnkùlé rẹ ṣe. Bashiru ti iṣẹ́ òru dé, ó ń sùn. Mo tú ọkọ́ mi jáde nínú ẹrù, ọkọ́ tí o fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí pé ta ló ń gbé ọkọ́ wọ bàálù. Mo wọ kóòtù, mo wọ ìbọ̀wọ́ méjì léra wọn, mo bọ́ síta. Ilẹ̀ yẹn lágídí ju ẹ̀gbọ́n rẹ lọ, ṣùgbọ́n mo ro ó, mo ro ẹní koríko rẹ títí dé ilẹ̀ dúdú.

Francis, bàbá òyìnbó tí ẹ jọ múlé ti ara yín, ń wò mí láti ẹ̀yìn ọgbà pákó. Ọ̀rẹ́ mi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò gbọ́ èdè ara wa. Àwọn ẹyẹ kan máa ń wá jẹ ẹ̀pà tó so rọ̀ sẹ́yìn ilé rẹ̀, mo rò pé ó sá ẹ̀pà náà ni, n kò mọ̀ pé àwọn ẹyẹ náà ló so ó fún, mo sì ti ń bá a lé wọn láràárọ̀, mo ń pariwo, mo ń sọ òkò. Òun á sáré jáde, á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, èmi náà á gbé tèmi sókè dá a lóhùn. Lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe di igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn mú, ó sáré wá sí ìdí ọgbà. Ó nawọ́ sí igi, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, ó sì pa ojú dé. Mo ní ẹ wo ọmọlúwàbí, ó ní kí n lọ sùn, pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún arúgbó. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo gbá àyà mi pé kò rẹ̀ mí, mo sì fa igi náà tu lẹ́ẹ̀kan náà kó lè rí i pé agbára ṣì wà. Ó ká ọwọ́ lérí. Mo rò pé agbára mi ló yà á lẹ́nu.

Igi ń sùn ni ó ń sọ. Ta ló sọ fún mi pé igi a máa sùn? Ewé ìrókò a máa wọ́ lọ́yẹ́, èmi náà mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n kí igi bọ́ra sílẹ̀ pátá kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù lórí oṣù, kòkó kì í ṣe é, obì kì í ṣe é. Mo mọ̀ pé wàá béèrè pé kí ló dé tí àgbẹ̀ bíi tèmi kò fi èékánná họ èèpo rẹ̀ wò kó tó fà á. Ìbọ̀wọ́ méjì, Àjíkẹ́. Èékánná mi kò rí ọ̀nà jáde. Mo fa àwọn igi gbígbẹ tó kù tu, mo kó gbogbo wọn síwájú ilé pẹ̀lú ìdọ̀tí, mo gbá ilẹ̀ náà títí ó fi ń dán, mo sì wọ bàálù pẹ̀lú ìdùnnú, mo ń fojú inú wo bí o ṣe máa ṣílẹ̀kùn tí o máa ní, háà, bàbá mi ti ṣiṣẹ́ síbí.

Bashiru ló ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn tí o gé fóònù. Ó ní ọdún tí Bíntù ìyá rẹ kú, tí ọ̀rọ̀ pépà kò jẹ́ kí o wá sin ín, o lọ ra igi olódòdó tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́rì yẹn, o gbìn ín síwájú fèrèsé, o ní ìyá rẹ nìyẹn. Ó ní àwọn ará ibẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún òkú wọn. Ó ní o máa ń kí i kí o tó lọ síbi iṣẹ́. Mo rí ọ lóòótọ́ nínú òtútù yẹn, tí ò ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí fèrèsé, mo rò pé àdúrà lò ń ṣe. O kò sọ fún mi. O rò pé màá ní o ti di kèfèrí, bóyá màá sì sọ bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀.

Ṣùgbọ́n kí o tó pè mí ní aláìláàánú, kí o mọ èyí. Sàréè ìyá rẹ wà lẹ́yìn ilé níbí. Ní gbogbo Jímọ̀ kí n tó lọ sí mọ́ṣáláṣí, èmi ni mo ń ro ó, èmi ni mo ń gbá a, n kò gbà kí Abọ́sẹ̀dé tàbí ẹnikẹ́ni bá mi fọwọ́ kàn án. Kò sí ẹyọ koríko kan níbẹ̀. Ọ̀nà tí mo mọ̀ láti fi sọ fún Bíntù pé ó ní ènìyàn nìyẹn. Ohun kan náà ni mo ṣe ní ẹ̀yìnkùlé rẹ. Ọwọ́ tí mo fi ń tọ́jú rẹ̀ nílé ni mo fi fà á tu lọ́dọ̀ rẹ, n kò mọ̀ pé òun náà ni. Ó dùn mí, ọmọ mi, ó dùn mí dé egungun.

Ọlọ́run tóbi ṣá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá Bashiru tún pè mí, ó ní Francis ló lọ ṣa igi náà láàárín ìdọ̀tí, ó gbìn ín sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, ó sì ti tanná báyìí, òdòdó pupa rẹ́súrẹ́sú láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí àwọn aládùúgbò ń yọjú wò láti òkè ilé wọn. Ó ní ìwọ ń gun àpótí kí o tó lè rí i lórí ọgbà. Ó ní Francis gbà láti dá a padà, àmọ́ ó kìlọ̀ pé bí a bá tún wú u báyìí tó ń tanná, ó lè kú tán pátápátá. Ìwọ sì ta kú pé àfi kí wọ́n wú u, pé ìyá rẹ kò ní máa gbé ilẹ̀ onílẹ̀. Kabirat, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má wú u. Ẹni kan ti wú u nínú ilé wa, ó ti tó.

Mo gbé ẹjọ́ náà lọ bá Sàlàkọ́, a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Níbí, ẹjọ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ilẹ̀ ni tonílẹ̀, igi ni tẹni tó gbìn ín. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni bàbá mi gbin kòkó tirẹ̀ sí, àwa là ń ká kòkó, a sì ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀ lọ́dọọdún, kò sí ìjà níbẹ̀ rí. Nítorí náà igi ni tìrẹ, ilẹ̀ ni ti Francis, ìṣákọ́lẹ̀ ló kù. Kí ìwọ àti Bashiru lọ ra iṣu gidi ní Woolwich, kí ẹ fi epo pupa àti obì sí i, kí ẹ gbé e lọ bá Francis lẹ́nu ọ̀nà, kí o kúnlẹ̀, kí Bashiru tẹ̀ díẹ̀, kí ẹ ní ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ rè é. Mo ti ní kí Bashiru sọ ọ́ fún un. Ó ní Francis bi òun ní ìtumọ̀ rẹ̀ títí, ó ronú, ó wá ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń se iṣu, ṣùgbọ́n òun gbà. Sàlàkọ́ ní onílẹ̀ tí kò mọ iṣu í sè ló dára jù, nítorí á pè yín wá bá òun jẹ ẹ́.

Kì í ṣe igi ló yẹ kó padà wá, pákó ọgbà ló yẹ kó lọ. Ẹ bẹ Francis, kí ẹ jọ yọ èyí tó dojú kọ fèrèsé rẹ, kí o lè máa rí ìyá rẹ níbi tí o ti ń fọ abọ́. Láti ẹnu ilẹ̀kùn kíṣìnì, kí ẹ to òkúta pẹlẹbẹ dé ìdí igi náà. Bẹ́ẹ̀ ni, òkúta tí mo bú ní Nathan Way, ẹ lọ rà á, kí ẹ sì wò ó yí po kí ẹ tó sanwó. Ẹ má gbin nǹkan gíga sójú ọ̀nà náà, nǹkan kúkúrú ni kí ẹ tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Francis ní igi ẹlẹ́gùn-ún kan, ewé rẹ̀ ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á, nínú òtútù náà ló ti ń so èso pupa wẹ́wẹ́. Ìyẹn ni kí ẹ gbìn sí igun méjèèjì. Igi olóòótọ́ ni, kì í ṣe bí òkú láti fi dán àgbàlagbà wò. Bó bá wù ọ́, tún ra ẹní koríko rẹ kí o tẹ́ ẹ, mi ò bá ọ jà mọ́. Kí o ṣáà fi àyè kékeré kan sílẹ̀ tí èmi á máa gbá.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Òrùlé ilé ìdáná ń jò sínú ìkòkò ọbẹ̀, ṣùgbọ́n má fi owó ránṣẹ́ nítorí ìyẹn, a ti gbé ìkòkò kúrò níbẹ̀. Owó bàálù ni mò ń tọrọ. Mo mọ̀ pé ẹni tó ba oko jẹ́ kò lẹ́nu láti tún béèrè ọ̀nà oko. Bashiru ní òdòdó náà kì í pẹ́ lórí igi, bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ díẹ̀, ó di àmọ́dún. Àmọ́dún náà ni mò ń sọ, ní oṣù Kẹrin, kì í ṣe nínú òtútù. Ọkọ́ á wà nílé. Mo ti rí òkú ìyá rẹ lẹ́ẹ̀kan, èmi ni mo gbé orí rẹ̀ wọ sàréè. Mo tún rí i níwájú fèrèsé rẹ ní ìhòòhò, n kò dá a mọ̀. Mo fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan tó bá wọ aṣọ.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ fẹ́ràn rẹ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n á fi ba nǹkan rẹ jẹ́, kí ó sì fún ọ ní ọkàn tí wàá fi dárí jì wọ́n. Kí ó fún èmi náà ní àyè nínú ọkàn yẹn. Àmín.

Pè mí, Àjíkẹ́. Bó bá jẹ́ láti bú mi ni, ṣáà pè mí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Yẹ̀kínì.